Lẹ́tà Ànjẹ̀mí sí Bàbá Sadiya

Ẹni tó bá rí Sadiya lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tó fi ọwọ́ kan di ìbòrí mú, tó fi ọwọ́ kejì gbé ìgbálẹ̀ sókè, á rò pé ejò ló rí. Kì í ṣe ejò. Ọkùnrin kan ni. Ó lóṣòó sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, ó wọ jàlàbíà funfun báláú, fìlà rẹ̀ funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ gún régé bíi ti ọmọ alfa gidi, ó sì gbé ìgò míńírà sẹ́nu, ó ń mu ún gbùgbùgbù. Ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni o. Aago méjì ọ̀sán. Nílùú Ìlọrin!

"Súbúhánálà!" Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Sadiya. "Alfa, ẹ kú ìṣínu o. Ṣé oòrùn ti wọ̀ ní ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Òógùn ti rin aṣọ rẹ̀ láyà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fẹ́ dáhùn, ètè rẹ̀ kò gbà fún un. Ó mu èyí tó kù nínú ìgò náà tán, ó fi ìdí lélẹ̀, ó sì di ojú.

"Ẹ má bínú," ló wí nígbà tó yá. "Mo rò pé èèyàn kì í gba ẹ̀yìn ibí kọjá."

"Ṣé èmi lẹ máa bẹ̀ ni? Ẹni tó ni ààwẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀!"

Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Sadiya jẹ́ fún yín, kí ẹ má baà kórìíra rẹ̀, torí ẹnu rẹ̀ mú ju inú rẹ̀ lọ. Ọmọ Alhaji Mọ̀múdù ni, bàbá tó ń ta jéró àti ọkà bàbà ní Ipata. Láti Kánò ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní àdúgbò Gàmbàrí débi pé, bí inú bá bí wọn, èébú Yorùbá ló ń kọ́kọ́ jáde. Sadiya ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Tanke, níbi tó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tẹ ìwé, tó sì ń bá wọn dì í. Bí o bá gbé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn lọ bá a, á wò ọ́ bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wá síwájú òun. Àwọn olùkọ́ ń ti GRA wá bá a nítorí àmì ohùn nìkan.

Kò pé wákàtí kan, ọkùnrin ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ yìí wọ ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó di òkìtì ìwé mọ́yà. Bó ṣe rí ẹni tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ yí padà.

"Ẹ wọlé, Alfa Ẹ̀yìn-Jẹnẹrétọ̀," ni Sadiya wí. "A máa ń tẹ ìwé ẹlẹ́ṣẹ̀ náà."

"Abdulsobur lorúkọ mi."

"Orúkọ yín ni sùúrù, ẹ ò wá lè ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò bínú, kò wí àwáwí kankan, ó kàn rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n mú gan-an. Ẹ̀rín yẹn wọ Sadiya lára, ó sì fi ìkanra bò ó mọ́lẹ̀ kíá.

Ìwé tí Abdulsobur fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ló gbé wá. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé lórí rẹ̀. Ànjẹ̀mí ló ń wádìí, Yorùbá tí àwọn baba wa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Ó ń wọ agbo ilé àtijọ́ kiri ní Pákátà àti Òkè-Ìmàlé, ó ń bẹ àwọn arúgbó kí wọ́n ṣí àpótí, kí òun lè rí tírà tí wọ́n jogún. Ilé alfa ni wọ́n bí òun náà sí, àwọn ìwé yẹn kò ṣàjèjì sí i.

"Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò ní àmì ohùn," ló ṣàlàyé fún Sadiya lọ́jọ́ kẹta. "Ó tún máa ń da 'o' pọ̀ mọ́ 'ọ.'" Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí bébà. "Ẹ wo eléyìí. Ó lè jẹ́ oko. Ó lè jẹ́ ọkọ. Ó lè jẹ́ ọkọ̀, ó sì lè jẹ́ ọkọ́. Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ èyí tó ní lọ́kàn."

"Bí ẹni tó kọ ọ́ bá wá ti kú ńkọ́?"

"Ìyẹn ni mo fi ń wá oyè."

Sadiya náà lọ ilé kéú ní kékeré, ó mọ lẹ́tà Lárúbáwá dáadáa. Ó tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó yà á lẹ́nu pé èèyàn lè kọ nǹkan sílẹ̀ gedegbe kó ṣì fi pamọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ààwẹ̀, wọ́n jọ ń ṣe àtúnṣe sí orí kejì ìwé náà ni ọ̀rọ̀ Sobur bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ó ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pe Sadiya ní Rùkáyátù, orúkọ ìyá Sobur. Sadiya rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó rí i tí òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sórí bébà, tí ojú rẹ̀ sì ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan.

"Dàbínù," ni Sobur rọra wí. "Inú àpò mi."

Sadiya tú àpò náà dànù sílẹ̀. Èso dàbínù wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ó bọ́ dàbínù sí i lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, òun tó ń gbààwẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Sobur mí kanlẹ̀, ó sì mọ ibi tó wà.

"Àtọ̀gbẹ ni," ló wí. "Mo ti ní in láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin lójúmọ́. Bí ṣúgà bá já wálẹ̀ lára mi bí èyí, tí mi ò jẹ nǹkan kíá, mo lè má jí mọ́. Dókítà ní kí n má gbààwẹ̀, àwọn alfa náà fọwọ́ sí i. Gbogbo ọjọ́ Ràmàdáánì ni màámi ń fún aláìní kan lóúnjẹ dípò mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Mo bú yín níjọ́ yẹn, mo sọ yín lórúkọ!"

"Ṣé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ni?"

Ẹkún gbọ̀n Sadiya. Ó fi ìbòrí bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ má sunkún mọ́, ẹ jọ̀ọ́," ni Sobur wí. "Ẹni bá ń kọjá á rò pé mo ti kú. Ẹ sì jẹ́ ń parí ìwé yìí ná."

"Panumọ́ ńbẹ̀," ni Sadiya wí láàárín ẹkún. "Má fi ikú ṣeré níwájú mi."

Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Kò pè é ní "ẹ" mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ló wá ń mọ ohun tí ìwé yẹn ń ná ọkùnrin yìí. Inú àmù omi tútù ní yàrá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú oògùn sí, torí iná kì í dúró. Odidi ọdún kan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ibùsùn. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á ṣú, lẹ́tà inú tírà á máa rìn kiri lójú ewé, á di ọ̀la kó tó lè kàwé. Ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Sọ fún ọ̀gá rẹ," ni Sadiya máa ń wí.

"Ẹnì kan wà níbi tí mo ti gba oyè kejì, àìsàn tirẹ̀ hàn. Wọ́n ní kó lọ sinmi ná. Ó ṣì ń sinmi títí di òní."

Sadiya bẹ̀rẹ̀ sí í to ìgò míńírà sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì fi aago sínú fóònù rẹ̀. Ní aago mẹ́ta géérégé, fóònù á dún, Sadiya á sì pe Sobur níbikíbi tó bá wà. "O ti jẹun?" Bó bá ní òun fẹ́ parí ìlà kan, á ní, "Ìlà á dúró dè ọ́. Ṣúgà kì í dúró de ẹnì kan." Bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ kọ́ nìyẹn, ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Lẹ́yìn Iléyá, Sobur fa bébà kan yọ, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ànjẹ̀mí, ó tì í síwájú Sadiya.

Sadiya wò ó. "Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí nìyí. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Àmì ló kù. Ìwọ lo máa fi sí i."

"Ká ní mo pè é ní ọkọ́ ńkọ́?"

"Màá lọ ra ọkọ́ fún ẹ ní Ipata."

"Mi ò ní oko tí mo fẹ́ fi ro." Ó mú bírò, ó fi lẹ́tà òyìnbó tún un kọ sísàlẹ̀, ó fi àmì sábẹ́ àwọn 'o' méjèèjì, ó sì fi orí wọn sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Ọkọ. Ó dojú bébà náà dé, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, kò sì lè tẹ ohunkóhun fún wákàtí kan gbáko.

Báyìí ni Sobur ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí Alhaji Mọ̀múdù ní Gàmbàrí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán. Bàbá náà kò wọ ilé ìwé òyìnbó rí, ṣùgbọ́n ó kéú délẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi tí kò láàlà pé yunifásítì ń fún èèyàn ní oyè lórí ànjẹ̀mí. Wọ́n á jókòó sí ìta, wọ́n á mu fùrá, bàbá á kọ ọ̀rọ̀ kan, ọmọkùnrin á kà á. Ọ̀rẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Ohun kan ló ń ba Sadiya lẹ́rù. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá rẹ̀, Jummai, fi ṣàìsàn ọkàn kó tó kú, Alhaji ló sì tọ́jú rẹ̀, ó ń sùn sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Alhaji sọ ọ́ létí gbogbo ọmọ rẹ̀ pé, "Ohun tí wọ́n ṣe fún mi yìí, ẹnì kan ò ní ṣe é fún ọmọ mi." Sadiya gbọ́ ọ bí gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ: aláìsàn kan ò ní fẹ́ ọmọ òun.

"Má sọ fún un," ló bẹ Sobur. "Jẹ́ ká so yìgì ná. Bó bá ti fẹ́ràn rẹ tán, kò ní lè kọ̀ ọ́ mọ́."

"Ẹ̀tàn nìyẹn, Sadiya."

"Ṣé kí n wá pàdánù rẹ nítorí òótọ́?"

"Mo ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mi ò fẹ́ fara pamọ́ sínú ilé tèmi."

Àwọn méjèèjì bínú túká. Sobur kò lè sọ ọ́ lójú bàbá náà, ojú ń tì í. Ó jókòó, ó fi ànjẹ̀mí kọ lẹ́tà, ó rán an sí i. Ohun tó kọ rèé: "Bàbá, kí ẹ tó fún mi ní ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé mo ní àrùn. Ọlọ́hun ló fi fún mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe ìtọ́jú, mi ò sì fi ṣe ẹrù ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ fi pamọ́ fún yín."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó lo ọdún mẹ́rin lórí ohun tí ànjẹ̀mí ń fi pamọ́, kò rántí béèrè ohun tí lẹ́tà tirẹ̀ ń fi pamọ́.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé, igbe Alhaji ló mú Sadiya sáré jáde láti inú ilé.

"Àrún! Ó ní òun ní àrún! Àrún kí ni? Mẹ́rin péré ni Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún ọkùnrin! Àbí ọmọ márùn-ún ló ti bí síta? Ọmọ alfa! Sadiya, ka ibí yìí fún mi!"

Sadiya gba lẹ́tà. Ojú rẹ̀ balẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Àrùn ni. Ọkùnrin yìí ti sọ ọ́. Ó ti sọ ọ́, síbẹ̀ kò tíì hàn sí bàbá òun. Lẹ́tà kan náà, àmì kan náà, ohùn nìkan ló yà wọ́n, ohùn ọ̀hún kò sì sí nínú bébà. Bí òun bá yà á sí ọ̀tún, òun ní ọkọ. Bí òun bá yà á sí òsì, òun kò ní.

"Àbúrò ni, Baba," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. "Àbúrò márùn-ún ló ń tọ́jú."

Alhaji mí kanlẹ̀. Ó tún lẹ́tà náà wò. "Ọlọ́hun ló fi fún mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe ìtọ́jú." Ó mi orí. "Ọmọ dáadáa! Àbúrò márùn-ún! Ẹni tó lè tọ́jú àbúrò, á tọ́jú ìyàwó."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Sobur wá. Sadiya kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n bínú. Ẹ̀rín ni Alhaji fi pàdé rẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi. Mo ka lẹ́tà rẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ kò bà mí lẹ́rù rárá."

Omi lé sí Sobur lójú. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bà lẹ́rù."

"Ẹ̀rù kí ni? Èmi gan-an, nígbà tí mo fẹ́ ìyá Sadiya, mẹ́jọ ni mo ní."

"Mẹ́jọ, Bàbá?"

"Mẹ́jọ gbáko! Méjì ti kú, Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Àwọn yòókù wà ní Kánò, wọ́n ń pè mí lórí fóònù."

Sobur tún fìlà rẹ̀ ṣe lórí.

"Èyí tó kéré jù nínú tìrẹ ńkọ́?" ni Alhaji bi í. "Ṣé ó ti wọ ilé ìwé?"

Sadiya dúró lẹ́nu ọ̀nà, igbá fùrá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sobur wò ó. Ojú Sadiya ń bẹ̀ ẹ́, ń bẹ̀ ẹ́ gidi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbà: "Ó ti wọ̀ ọ́, Bàbá." Ìyàwó di tirẹ̀.

Sobur bọ́ fìlà lórí, ó gbé e lé itan.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Àrún kọ́. Àrùn ni mo kọ. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí, kò sì ní lọ títí màá fi kú. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò ní àbúrò."

Alhaji mú lẹ́tà náà láti abẹ́ ìrọ̀rí, ó wò ó, ó sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló kà á fún mi?"

"Èmi ni, Baba," ni Sadiya wí.

"O mọ èyí tó jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Bàbá dìde. Ó dà bíi pé ó ti gbó sí i níbi tó jókòó sí. "Abdulsobur, máa lọ sílé. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìwé rẹ yọrí. Sadiya, má bá a sọ̀rọ̀ títí màá fi sọ̀rọ̀." Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi dákẹ́. Ó ń lọ sí Ipata, ó ń bọ̀, ó ń jẹun tí Sadiya bá sè, kò sọ ju "ó dáa" lọ. Sadiya kò ṣẹ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tẹ orí ìgbẹ̀yìn ìwé Sobur, ó di í, ó fi rán ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ọkùnrin, Tahir, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan sínú rẹ̀. Àmì ohùn kan ṣoṣo kò yẹ̀ nínú ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n dá fún Sobur láti wá gbèjà ìwé náà. Àwọn olùdánwò márùn-ún ló jókòó níwájú rẹ̀. Àrún, ẹ gbọ́ o. Kí wọ́n tó bi í ní nǹkankan, ó gbé ọ̀rá dàbínù jáde, ó gbé ìgò míńírà jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì lójú gbogbo wọn.

"Àtọ̀gbẹ ń ṣe mí," ló wí. "Bí ẹ bá rí i tí mo ń jẹ nǹkan, ẹ má pè é ní ìwà àrífín. Bí ọ̀rọ̀ mi bá dàrú, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá padà wá bá yín."

Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tó ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́rin, bọ́ gíláàsì ojú. "Abdulsobur, látọjọ́ yìí! O ò tiẹ̀ jẹ́ kí á mọ̀!" Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló dìde tó sún àga mọ́ ọn. Wákàtí méjì ni wọ́n fi wádìí rẹ̀ wò. Ó jẹ dàbínù mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n pè é padà wọlé, wọ́n pè é ní Ọ̀mọ̀wé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Tahir mú bébà kan wá sí Pákátà, ó fún un, ó sì ti lọ kí Sobur tó ṣí i. Ọwọ́ Alhaji ni. Ànjẹ̀mí ni, ìlà kan ṣoṣo: *ma wa ile mi ni ọjọ Jimọ.*

Ọ̀mọ̀wé tuntun jókòó ti bébà náà bí ẹni tí kò kéú rí. Máa wá ilé mi ní ọjọ́ Jímọ̀. Má wá ilé mi ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí bàbá bá fẹ́ kó máa bọ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, báyìí ló máa kọ ọ́. Bó bá fẹ́ kó jáwọ́ nínú wíwá ní gbogbo Jímọ̀, báyìí náà ni. Ó wo bí kálàmù ṣe tẹ bébà. Ó wo àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Gbogbo ọgbọ́n inú ìwé rẹ̀ ló lò, kò rí nǹkan kan. Kò lè pe Sadiya. Ìyá rẹ̀, Rùkáyátù, ló wá wò ó títí, tó ní, "Ṣé o ò lẹ́sẹ̀ ni? Lọ béèrè."

Wọ́n kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ kejì, Sobur dúró sí ẹnu ọ̀nà Alhaji Mọ̀múdù, kò wọlé, kò sì padà. Ó na bébà náà síwájú.

"Àṣálámù àléékùn, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo wá béèrè àmì ohùn."

Alhaji gbà á. "Kí ló ṣe é?"

"Ó lè jẹ́ 'máa wá.' Ó sì lè jẹ́ 'má wá.'"

"Wọ́n ní o ti gba oyè náà."

"Àlùhàmúdúlíláì, Bàbá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Lórí ànjẹ̀mí."

"Lórí ànjẹ̀mí ni, Bàbá."

"O ò sì lè ka ọ̀rọ̀ méjì!" Ẹ̀rín bú lẹ́nu bàbá náà, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. "Bí mi ò bá fẹ́ kí o wá, ṣé màá fi tádàwá ṣòfò? Màá kàn dákẹ́ ni. Wọlé jọ̀ọ́."

Ó pe Sadiya. Sadiya wá, ó kúnlẹ̀, kò lè wo ẹnì kankan lójú. Ẹ̀rín ti tán lójú bàbá rẹ̀.

"Ọmọ ọlọ́mọ sọ òótọ́ fún mi," ló wí. "Ọmọ tèmi ló parọ́."

"Ẹ forí jì mí, Baba. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rántí ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí Màámá kú."

"Kí ni mo sọ? Mo ní ohun tí wọ́n ṣe fún mi, ẹnì kan ò ní ṣe é fún ọmọ mi. O rò pé àìsàn ni mo ń wí." Ó fi bébà náà sílẹ̀. "Nígbà tí mo fẹ́ Jummai, àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò dá. Wọn ò sọ fún mi. Òun náà mọ̀, kò sọ. Ọ́sípítù ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹlòmíràn, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú rẹ̀, wàláì, ọjọ́ kan ò sú mi níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé títí ó fi kú, ó rò pé ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má fẹ́ òun. Gbogbo ìgbà ló ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Wọn ò fún mi láyè láti sọ fún un pé mo mọ̀, mo sì fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Sadiya ń sunkún. Sobur náà ń sunkún, kò tilẹ̀ nu ún.

"Ìwọ wá fẹ́ gba àyè yẹn mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì," ni Alhaji wí. "O fẹ́ gbà á mọ́ ara rẹ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ó dáa. Mo ti forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó so yìgì kankan nínú ilé yìí, ọ̀rọ̀ tí wọn ò jẹ́ kí n sọ, ìwọ máa sọ ọ́. Sọ ọ́ sókè, kí ọmọkùnrin yìí gbọ́ ọ, kó má baà máa bẹ̀ ọ́ fún ọdún mọ́kànlá."

Sadiya fi ìbòrí nu ojú. Ó yíjú sí Sobur, ó wò ó bó ṣe wò ó lọ́jọ́ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀ lónìí.

"Àrùn ni," ló wí. "Kì í ṣe àrún. Mo mọ̀, Abdulsobur, mo sì fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Kí Sobur tó dáhùn, fóònù Sadiya dún nínú àpò rẹ̀. Aago mẹ́ta ti lù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò fi sọ̀rọ̀, Sadiya kò pa aago oúnjẹ Sobur. Ojoojúmọ́ ló ń dún, ojoojúmọ́ ni Sadiya ń jókòó gbọ́ ọ.

"Kí nìyẹn?" ni Alhaji béèrè.

"Àsìkò oúnjẹ rẹ̀ ni, Baba."

"Kí lo wá ń ṣe lórí ìkúnlẹ̀? Dìde, gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó béèrè àmì.